Ìrù Ọ̀rọ̀

Ẹ̀gbọ́n mi ní Peckham rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.
"Tọ́kì? O ta ilẹ̀ tí Bàbá bù fún ọ,
o kọjá òkun, o wá ń kọ́ èdè tọ́kì?
Èyí tó wà nínú fíríìsà mi ò fọhùn rí."
Mo bá a rẹ́rìn-ín. Ebi ń pa mí, ó sì ń se ìrẹsì.

Ṣùgbọ́n báyìí ló rí:
àwa, orí fáwẹ́lì la gbé ẹrù ìtumọ̀ lé,
ẹsẹ̀ yọ̀ díẹ̀, ọkọ́ di ọkọ, ọkọ di ọkọ̀.
Àwọn, ìrù ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń so tiwọn mọ́,
ìrù tẹ̀lé ìrù, bí ọkọ̀ ojú irin
tó ń wọ́ ara rẹ̀ kúrò ní Liverpool Street.
Fáwẹ́lì inú ìrù a wo ojú ti iwájú kó tó lanu:
mış níbí, müş lọ́hùn-ún.
Ìrù kan ṣoṣo yìí ni mo fẹ́ kọ ọ̀kẹ́ mẹ́rin ọ̀rọ̀ lé lórí.

Ohun tó o bá fojú ara rẹ rí, o ò ní í fi sí i.
Ohun tí wọ́n bá sọ fún ọ, dandan ni.
Ìròyìn ò tó àfojúbà:
odidi òwe, wọ́n ká a kò sínú ìró mẹ́ta.

Ní gbogbo Àbámẹ́ta, mo máa ń gun àjà kẹsàn-án ní Edmonton
lọ bá Ìyá Zekiye, ọmọ Kars,
tí ẹ̀rọ ìránṣọ Dalston ti tẹ ìka wọn wọ́.
Tíì pupa nínú ife oníbàdí, rẹ́kọ́dà mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣúgà.
"Ìyá, òjò rọ̀. Báwo lẹ ṣe máa wí i?"
"Ṣé mo rí i tó ń rọ̀?"
"Rárá, ẹ sùn. Ẹ jí, ilẹ̀ tutù."
"Ẹn-ẹ́n. Yağmış."

Ní ọ́fíìsì, bírò pupa Dókítà Winstanley
ń kọ ohun kan náà sí etí ìwé mi: Ẹ̀rí dà?

Febúárì, inú bọ́ọ̀sì 149, Fáníyì pè láti Ìlá.
Ṣé mo ti jẹun? Mo ti jẹun.
Kí n jókòó. Mo ti jókòó.
Ó wá dákẹ́ pẹ́, mo sì ń gbọ́ ewúrẹ́ wa lẹ́yìn rẹ̀.

Páásípọ́ọ̀tù mi wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún físà ṣe,
ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá, wọn ò dáhùn.
Fídíò ni wọ́n fi ránṣẹ́. Gíláàsì fóònù mi ti sán,
ìlà kan gba àárín pósí kọjá.
Ṣé àfojúbà nìyẹn?
Kò sí ìwé kankan nínú láíbìrì tó sọ ọ́.

Mo bi Ìyá Zekiye: öldü ni, àbí ölmüş?
Wọ́n na ọwọ́, wọ́n pa rẹ́kọ́dà náà fúnra wọn.
Lẹ́tà ni wọ́n fi sọ ikú ìyá wọn fún wọn,
ọdún tí wọ́n bí àkọ́bí wọn ní Hackney.
"Títí dòní, ölmüş ni mò ń wí.
Bí mo bá gé ìrù yẹn kúrò,
èmi ni mo sin ín."
Wọ́n tún da tíì sí i. Ó ti tutù. A mu ún bẹ́ẹ̀.

Orí kẹta, àpẹẹrẹ kẹtàdínláàádọ́jọ:
Babam ölmüş.
Mo pa ìrù náà rẹ́, mo dá a padà,
mo pa á rẹ́. Ilẹ̀ mọ́, ó ṣì wà níbẹ̀.

Nígbà tí ìwé padà dé láti ọ̀dọ̀ Winstanley,
mo wá ẹ̀rí dà ní etí rẹ̀, mi ò rí i.
Àmì ìdánudúró kan péré ló yí sípò,
ní ìlà kejì,
pẹ́ńsù ló sì fi kọ ọ́.